Ẹrù Ló Nilé, Èmi Kàn Ń Bá A Gbé Ni

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi dá ẹjọ́ yìí. Ilé tí mò ń gbé n'Ìgbógbo, ní Ìkòròdú níbí, èmi ni mo kọ́ ọ. Èmi ni mo ra ilẹ̀ rẹ̀. Èmi ni mo san owó fún àwọn ọmọ onílẹ̀ tí wọ́n wá gba owó ìpìlẹ̀, tí wọ́n tún padà wá nígbà tí búlọ́ọ̀kù dé orí fèrèsé, tí wọ́n sì tún yọjú lọ́jọ́ tí a fẹ́ kan páànù. Yàrá mẹ́ta ni, pẹ̀lú pálọ̀ tó fẹ̀ dáadáa nínú ìwé pílánù. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé lálẹ́, tí mo fẹ́ na ẹsẹ̀ nínú pálọ̀ ọ̀hún, àfi kí n kọ́kọ́ bẹ kúlà kó sún fún mi.

Kúlà méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga mi. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti wọlé, wọn ò tíì fojú kan yìnyín. Inú ọ̀kan la ń kó ṣájà fóònù sí, àwọn fóònù tó ni ṣájà ọ̀hún sì ti kú tipẹ́. Inú èkejì kún fún ìdérí ike. Ike wọn ti sọnù, ṣùgbọ́n ìyàwó mi gbà tọkàntọkàn pé ike náà máa padà wálé lọ́jọ́ kan, kò sì fẹ́ kó bá ìdérí rẹ̀ tì.

Nígbà tí a wà ní Muṣin, yàrá kan ṣoṣo la ní, nínú ilé fẹ́ẹ̀sì-mí-n-fẹ́ẹ̀sì-ẹ, tọkọtaya àtọmọ. Ó há mọ́ wa, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n a máa ń rí ibi tẹ́ ẹní sí. Mo ní tí a bá dé Ìkòròdú pẹ́nrẹ́n, a ó máa yan fanda nínú ilé. A dé tán, ẹrù gbọ́ pé àyè ti wà.

Ẹni tó bá gbọ́ ẹjọ́ mi á ní, “Bàbá Ìbejì, ẹ má rajà mọ́.” Ta ló ń rajà? Ẹ bá mi wá ẹyọ abọ́ kan tí a fi owó ra nínú ilé náà, kí n fún yín lówó ọkọ̀. Ẹrù ilé ọmọ Yorùbá kì í ti ọjà wá, òde ló ti ń wá. Wọ́n sọmọ lórúkọ, wọ́n fún wa ní abọ́. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó, wọ́n fún wa ní àtẹ. Wọ́n ṣe fìdáù, wọ́n fún wa ní kẹ́tùrù. Wọ́n ṣílé tuntun, wọ́n fún wa ní aago ògiri tó ní àwòrán onílé láàárín, tí ọwọ́ aago ń gba imú rẹ̀ kọjá ní wákàtí wákàtí. Aago mẹ́rin ló wà ní pálọ̀ mi, kò sí èyí tí òun àti ìkejì rẹ̀ jọ sọ ohun kan náà.

Láyé àwọn bàbá wa, ẹni tó bá lọ sóde a máa di mọ́ínmọ́ín àti ẹran bọ̀ nínú ewé. Wọ́n á jẹ ẹ́ tán, wọ́n á da ewé sí ààtàn, ilẹ̀ á gbà á, ọ̀rọ̀ á parí. Ike la ń rù bọ̀ nísinsìnyí, ike kì í sì jẹrà. Ìjọba Èkó fòfin de abọ́ fóòmù tí wọ́n fi ń bu oúnjẹ ní oṣù Kìíní 2024, inú mi dùn, mo rò pé ìgbàlà ti dé. Àṣé ohun tó kù tí ìyàwó mi ń retí nìyẹn. Ike líle tí wọ́n wá ń bu oúnjẹ sí báyìí, ó ń fọ̀ ọ́, ó ń yán an sóòrùn, ó ń tò ó, ó ní olówó iyebíye ni.

Mi ò ní sọ̀rọ̀ aṣọ ẹbí púpọ̀, torí mo fẹ́ jẹun lálẹ́ yìí. Ẹ ṣáà mọ̀ pé aṣọ tí èèyàn wọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò ṣeé wọ̀ mọ́ torí gbogbo ayé ló mọ òde tó ti jáde, kò sì ṣeé fi tọrẹ torí gbèsè rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. Wọ́dúróòbù wa ò ṣeé tì. Àga la fi ń dí i.

Ọmọ mi obìnrin ló kó ìwàásù tuntun wọlé. Ó ní ọmọbìnrin ará Japan kan wà tó ń jẹ́ Marie Kondo, tó kọ́ gbogbo ayé bí wọ́n ṣe ń tún ilé ṣe. Ìwé rẹ̀ dé èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 2014, ó sì dé orí Netflix ní 2019, níbi tó ti ń wọ ilé onílé, tó ń kó ẹrù wọn jọ síta. Ìlànà rẹ̀ ò le: gbé nǹkan náà lọ́wọ́, bi ara rẹ bóyá ó ń mú inú rẹ dùn. Tí kò bá mú inú rẹ dùn, dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí o jẹ́ kó máa lọ.

Mo ní ó dáa. Mo gbé búrọ́ọ̀ṣì tí a fi ń fọ ṣáláńgá lọ́wọ́. Mo dúró títí. Inú mi ò dùn. Mo ní ṣé kí n jù ú nù? Wọ́n ní ṣé orí mi dá pé.

Kò pẹ́ tí mo fi rí ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ. Ìyàwó mi ò gbé ẹrù tiẹ̀ lọ́wọ́ rárá. Tèmi ló ń gbé. Ó gbé rédíò kásẹ́ẹ̀tì mi, inú rẹ̀ ò dùn. Ó gbé àwọn ìwé ìròyìn Aláròyé tí mo ti ń kó jọ láti ìgbà tí mo ṣì wà ní Muṣin, inú rẹ̀ tilẹ̀ bàjẹ́. Ó gbé wáyà iná tí mo ká sínú ọ̀rá, wáyà tó dáa, bàbà gidi, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń tà nísinsìnyí, ó ní ejò ni òun kọ́kọ́ pè é. Ọmọ mi wá dúró tì í, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹrù mi lọ́kọ̀ọ̀kan: “Rédíò, ẹ ṣeun, ẹ ti gbìyànjú.” Gbogbo ilé jókòó ìgbìmọ̀, wọ́n rí i pé nínú gbogbo ohun tó wà lábẹ́ òrùlé yẹn, ẹrù èmi nìkan ni kò mú inú ẹnikẹ́ni dùn. Kúlà kò bá wọn dé ìgbìmọ̀ náà. Kúlà ń bẹ níbi tó wà.

Ìgbà tí mo wá fẹ́ jà, ìròyìn kan ló gbà mí sílẹ̀. Ní oṣù Kìíní 2023, Marie Kondo fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ fún àwọn oníròyìn pé láti ìgbà tí òun ti bí ọmọ kẹta, ilé òun kì í fi bẹ́ẹ̀ létò mọ́, òun sì ti fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ka ìròyìn náà sókè ní pálọ̀. Ọmọ mẹ́ta, ó túúbá! Àwa bí márùn-ún, ìbejì wà nínú wọn.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọmọ ni wàhálà tiwa. Ohun tí Marie Kondo ò mọ̀ ni pé ẹrù tó ń bá a gbé, tirẹ̀ ni. Tiwa, ẹlòmíì ló ni ín. Mátírẹ́ẹ̀sì tó dúró sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá àwọn ọmọ, ti àbúrò ìyàwó mi ni, ó ní ká bá òun gbé e síbẹ̀, òun ń bọ̀ wá gbé e. Ààrẹ Jonathan ló wà lórí oyè nígbà yẹn. Fìríìjì tó wà ní kọ́rídọ̀, tí a kó bàtà sí, ti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó já pa lọ sí Kánádà ni. Gbogbo ẹni tó bá já pa ní Ìkòròdú yìí, ilé mi ló ń gbà lọ sí pápákọ̀ òfurufú. Wọ́n á sọ ẹrù kalẹ̀, wọ́n á kúnlẹ̀ gba àdúrà, wọ́n á ní, “Dádì, ẹ bá wa ṣọ́ ọ.” Èmi tí mo gbàdúrà kí ọ̀nà là fún wọn, ṣé èmi náà ni n ó wá ta fìríìjì wọn? Wọ́n á sì máa pè láti Kánádà. Wọn ò ní béèrè ẹ̀jẹ̀ ríru mi. Wọ́n á ní, “Dádì, ṣé fìríìjì ṣì wà níbẹ̀?”

Ẹ wá gbọ́ ti bọ́kẹ́ẹ̀tì.

Ìyá àgbà kan kú ní àdúgbò wa. Wọ́n dàgbà, wọ́n rí ọmọ ọmọ, àwọn ọmọ wọn sì yẹ́ wọn sí. A jẹ, a mu. Nígbà tí a ń lọ, wọ́n fún agboolé kọ̀ọ̀kan ní bọ́kẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé tó ní ìdérí. Àwòrán màmá ló wà lára rẹ̀: wọ́n wé gèlè, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ojú wọn sì tẹ̀lé èèyàn síbikíbi tó bá yà sí. Balùwẹ̀ ni ìyàwó mi gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì náà sí.

Mi ò mọ bí ti yín ṣe rí, ṣùgbọ́n ojú ń ti èmi láti bọ́ṣọ níwájú ìyá oníyàá tó ti di ará ọ̀run. Mo máa ń yí ojú wọn sí ògiri. Ìyàwó mi á wọlé, á tún yí wọn padà, á ní a kì í dojú àgbà kọ ògiri. Nígbà tó sú mi, mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì jáde ní ìdájí, mo gbé e ti páńtí, kí ọkọ̀ PSP tó ń kó ìdọ̀tí àdúgbò bá mi gbé e lọ.

Ọlọ́mọlanke ló kọ́kọ́ kọjá. Ó wo bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó wo ìdérí, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Kí oòrùn tó ga, ó ti tà á fún ìyá tó ń kiri ògì. Ìyá ológì fọ̀ ọ́, ó da ògì sí i, ó gbé e rù. Ta ló máa yọjú láti ra ògì láàárọ̀ Sátidé? Àkọ́bí òkú. Ó gbójú sókè kó san owó, ó rí màmá rẹ̀ lórí ìyá ológì, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí i.

Wọ́n tọ ipasẹ̀ ọ̀rọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ ọlọ́mọlanke, ọlọ́mọlanke sì nawọ́ sí géètì mi, kò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Àkọ́bí náà wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ kí mi, èyí ló tilẹ̀ dùn mí jù, torí ká ní ó bú mi ni, ǹ bá rí ohun sọ. Ó ní, “Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni màmá wa fi ṣe yín?”

Kí ni kí n sọ? Ṣé kí n ní mo gbé wọn lọ́wọ́, wọn ò mú inú mi dùn?

Àwọn àgbà àdúgbò bá mi bẹ̀ wọ́n. Wọ́n gba ẹ̀bẹ̀. Láti fi hàn pé kò sí ìjà mọ́, wọ́n fún mi ní bọ́kẹ́ẹ̀tì mìíràn, torí èyí tó ṣẹ́kù nílé wọn ò lóǹkà. Balùwẹ̀ náà la tún gbé e sí.

Ìròyìn dé Ẹ̀pẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá ìyàwó mi ti gba ọ̀nà Ìtóìkín dé, òun àti báàgì Ghana-must-go méjì. Ẹja gbígbẹ láti ọjà Olúwo ló wà nínú ọ̀kan, Ọlọ́run bù kún wọn. Èkejì kún fún abọ́ àti àtẹ Kayo-Kayo. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ẹ̀pẹ́ mọ ọdún náà: lẹ́yìn Iléyá ni wọ́n ń ṣe é, láti fi rántí ìgbà tí Ọba Kòsọ́kọ́ wọ ìlú wọn, lẹ́yìn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lé e kúrò l'Ékòó ní oṣù Kejìlá 1851. Mo máa ń ro ọ̀rọ̀ Kòsọ́kọ́ yìí tí ẹrù bá ká mi mọ́. Ọba ni. Ìwọ̀nba ohun tí ọkọ̀ ojú omi lè gbé ló rí kó gba orí ọ̀sà, ó sì tún ìlú dó sí ibi tó dé. Ẹ wo bí wọ́n ṣe wá ń fi àtẹ ike rántí ẹni tó sá tòun tẹrù díẹ̀.

Màmá Ẹ̀pẹ́ ò pariwo. Wọ́n ní, “Ọkọ ọmọ mi, ẹ jókòó, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀.” Mo wá ibi tí n ó jókòó sí, mi ò rí. Mo fìdí lé kúlà.

Wọ́n ní ní 1969, nígbà tí ìjọba Busia fún àwọn àjèjì tí kò níwèé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré kí wọ́n fi kúrò ní Gánà, ẹ̀gbọ́n àwọn tó ń ṣòwò ní Kumasi rí àpótí páànù kan gbé bọ̀. Ìkòkò, ẹní, ọjà tó kún ṣọ́ọ̀bù, ó fi sílẹ̀ fún ẹni tó bá ti dé bá a. Wọ́n ní ẹ̀san dé lórí àwọn aláìṣẹ̀ ní oṣù Kìíní 1983, tí Ààrẹ Shagari ti Nàìjíríà náà lé àwọn ará Gánà, tí báàgì onílà tí wọ́n fi kó ẹrù sá lọ fi gba orúkọ tó ń jẹ́ dòní. Wọ́n ní ètò ọrọ̀ ajé SAP tí Babangida gbé kalẹ̀ tún dé ní 1986, náírà bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́, ohun tí èèyàn bá jù nù lówùúrọ̀, owó rẹ̀ á ti ju agbára lọ kó tó di ìrọ̀lẹ́. Wọ́n ní àwọn tí ojú wọn rí gbogbo ìyẹn kì í sọ nǹkan nù. “Ohun tí a ní là ń náání,” wọ́n ní, wọ́n sì gbá kúlà tí mo jókòó lé ní àtẹ́lẹwọ́, pẹ́pẹ́.

Mi ò lè bá wọn jiyàn. Òótọ́ ni, èmi náà mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí owó fáànù lẹ́yìn tí wọ́n tú náírà sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà 2023. Ṣùgbọ́n òótọ́ ọ̀rọ̀ náà ò sọ ibi tí n ó na ẹsẹ̀ sí. Àpótí páànù Kumasi náà ńkọ́? Ó wà nílé mi, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Èmi ni mo ń ṣọ́ ọ.

Nígbà kan, ìjọba máa ń bá wa dá sí i. Láti ìgbà ìjọba ológun Buhari àti Ìdíàgbọn, tí wọ́n gbógun ti ìwà àìníjàánu ní 1984, ni Sátidé ìmọ́tótó ti wọlé sí wa lára. L'Ékòó, Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù ni, láti aago méje títí di mẹ́wàá àárọ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ jáde. Èèyàn tí kò bá ríbi lọ á ṣáà gbálẹ̀. Mi ò ní kí ṣọ́jà padà wá o! Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba Gómìnà Àmbọ̀dé fagi lé e ní 2016, Sátidé wa di ti òde àríyá láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀, ẹ sì ti mọ ohun tí à ń rù bọ̀ láti òde.

Mo tún dán oníkọ́ńdẹ́ẹ̀mù, àwọn tó ń ra irin àlòkù, wò. Jẹnẹrétọ̀ kékeré mi, èyí tí a ń pè ní I-better-pass-my-neighbour, ti dákẹ́ láti ìgbà tí Ààrẹ Tinubu ti ní owó ìrànwọ́ epo ti lọ ní ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún 2023, tí epo gbéra níbi tó ti wà lábẹ́ igba náírà lítà kan tó sì kọjá ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta láàárín ọjọ́ mélòó kan. Mo pe ọmọkùnrin tó ń ké “irin kọ́ńdẹ́ẹ̀mù” kọjá. A ná an, a dé orí owó. Ó ti ń gbé e sórí ọmọlanke nígbà tí ìyàwó mi já jáde láti kíṣìnnì pẹ̀lú ọmọorógùn lọ́wọ́: “Ẹ dúró o! Púlọ́ọ̀gì rẹ̀ ṣì dáa!” Ọmọkùnrin náà wò mí pẹ̀lú àánú. Ó jọ pé èmi kọ́ ni ọkọ àkọ́kọ́ tó rí bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan wá gbà mí nímọ̀ràn ti Sweden. Ìyá àgbà kan níbẹ̀, Margareta Magnusson, kọ ìwé kan tó jáde ní 2017, pé kí àgbàlagbà máa pín ẹrù rẹ̀ nígbà tó ṣì wà láàyè, kó má fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọmọ. Ó dára ní Sweden. Ẹ jẹ́ kí àgbàlagbà kan bẹ̀rẹ̀ sí í pín agbádá àti aago ọwọ́ n'Ìgbógbo níbí, kí ẹ wá wo bí àwọn ọmọ rẹ̀ á ṣe gbéra láti Àbújá lóru, tí wòlíì á sì ti máa ta òróró sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n á ní bàbá ti ń dágbére. Kí ló tilẹ̀ wà níbẹ̀ tí n ó pín? Rédíò ti bá ìdúpẹ́ ọmọ mi lọ. Ta ni n ó fi aago olójú onílé sílẹ̀ fún?

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ máa ṣe òde ní Ìkòròdú, ní Ẹ̀pẹ́, ní Ìjẹ̀dẹ́, títí dé Agbówà, ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀. Mò ń bọ̀, ẹ má yọ orúkọ mi kúrò, n ó san owó aṣọ, n ó sì náwó fún onílù. Ṣùgbọ́n tó bá di àsìkò àtilọ, ohun tí a lè jẹ tán ni kí ẹ bá mi dì. Ilé ìlọ̀ ìrẹsì wà ní Ìmọ́ta nítòsí wa níbí, Ààrẹ Buhari ló wá ṣí i ní oṣù Kìíní 2023. Ẹ fún mi ní kọ́ńgò kan níbẹ̀. Ọjà Olúwo ò jìnnà. Ẹ fún mi ní ẹja. Tó bá sì jẹ́ pé dandan ni kí ẹ tẹ àwòrán màmá tàbí bàbá, ẹ tẹ̀ ẹ́ sára bébà tí ẹ fi wé ẹja náà.